Ìbòmú Hezekiah

"Ẹ fà á, Mọ́mì," ni Dókítà Adégbọlá, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí tí ọkọ mi ti ṣiṣẹ́, wí fún mi. Mo fa okùn, aṣọ já bọ́ lójú ilẹ̀kùn, orúkọ ọkọ mi sì yọ ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà: Yàrá Ìwádìí Hezekiah Adéyẹmọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde.

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń bọlá fún àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa àwọn ayé mìíràn tó ń yí oòrùn po. Òkúta ni iṣẹ́ ọkọ mi, kì í ṣe ti ilẹ̀ ayé yìí o, èyí tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Ó máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, kó lè mọ bí ayé pupa tí wọ́n ń pè ní Máàsì ṣe rí. Àwọn òyìnbó gbé iṣẹ́ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù tó yẹ kó máa fa eruku jáde nínú yàrá náà ti kú tipẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Nílé wa ní Jikwoyi, mo gé ìró àńkárá mi kan, aláwọ̀ ewé olódòdó, mo fi rán ìbòmú fún un. Mo rò pé mo ti gbà á là. Àṣé eruku yẹn kò ka aṣọ ìyàwó sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ gbígbẹ: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ikọ́ náà ló gbé e lọ.

Níbi ìsìnkú ni mo ti bẹ Dókítà Adégbọlá pé kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá yẹn mọ́ àfi tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Ó ṣèlérí níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n pè mí síbi àyẹ́sí yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo bi í lórí fóònù nìyẹn. Ó ní fáànù ti ń ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá.

Àwọn yòókù kọrí sí gbọ̀ngàn láti ya fọ́tò. Mo dúró, mo ń fọwọ́ pa orúkọ rẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn.

Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti kun fáànù ní ọ̀dà tuntun, kò sì yí. Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ìjọ wa tí ọkọ mi kọ́ níṣẹ́, dìde láàárín eruku, ó kúnlẹ̀. Àńkárá mi ló wà nímú rẹ̀.

"Ta ló ní kó o wọ ibí?"

"Ọ̀gá ni, mà. Wọ́n ní kí n parí iṣẹ́ Dádì. Wọ́n ní fáànù á wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dìde, ká máa lọ."

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. "Mọ́mì, èmi ni mò ń tọ́ àwọn àbúrò mi."

Ẹnìkan ké sí mi láti gbọ̀ngàn pé èmi nìkan ló kù tí wọ́n ń dúró dè. Ọmọ náà bọ́ ìbòmú, ó nà án sí mi. Ó ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń rí ìka rẹ̀ láti òdìkejì.

"Tí ìró yẹn bá ṣẹ́kù nílé, mà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán òmíràn."