Ojú Ibi Tí Wọ́n Gé Wáyà

"O ò ní pè é!" Jórinjórin gbọ́wọ́ lé fóònù ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. "Kí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí kú, kó jẹrà, Alákọ̀wé ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Bàbá àwọn ọmọ, aago kan ti lù. Tí àwòrán géètì yín ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé-ìwòsàn tó fẹ́ ṣe géètì kí aago méjì tó lù, iṣẹ́ ti di ti ẹlòmíì nìyẹn."

"Ẹlòmíì wo? Àbúrò ẹ ni!"

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì ni. Alákọ̀wé ni àbúrò ìyàwó, òun náà ń ṣe géètì ní òpópónà kejì. Òun ló wá bá wọn to kọ̀ǹpútà tí Jórinjórin fi ń ya géètì. Ó jókòó sórí àga onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́. Látìgbà náà, àwòrán tí Jórinjórin bá yà lọ́jọ́ Ajé, á ti di géètì lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òdòdó tó wà lára gèlè ìyá rẹ̀ tó ti kú, tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ó bá a lára géètì ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìyàwó ní èèṣì ni. Jórinjórin ní ìwé kẹrin lòun ti kúrò níléèwé lóòótọ́, àmọ́ ojú òun ò dúró síbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí lọ́wọ́ tẹ amí náà: ètò kan tó sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ń fi gbogbo ohun tó bá yà ránṣẹ́ síta. Ó fà á tu tìbínú-tìbínú. Bó ṣe yọ ọ́ tán ni íńtánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ lọ gbári.

"Ẹnikẹ́ni ló lè fi síbẹ̀," ni ìyàwó ń sọ látàárọ̀.

Jórinjórin ti tọ wáyà láti ìdí dé òkè. Iná ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ń tàn, fóònù sì ń gbà á dáadáa. Nínú kọ̀ǹpútà gan-an ni àìsàn wà, ibẹ̀ náà sì ni àwòrán wà.

Fóònù dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó fà á yọ, ó tẹ̀ ẹ́ kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọn tó lọ láti aago mẹ́wàá yẹn, mò ń bọ̀ wá tún un ṣe tó bá dìrọ̀lẹ́."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo fóònù.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ta ló sọ fún ẹ pé ó lọ? Àwa méjì péré la wà níbí. Mi ò sì tíì pè ẹ́."

Ikọ́ ló gba ẹnu Alákọ̀wé. Ìyàwó pa fóònù.

Ìgbà yẹn ni Jórinjórin rántí wáyà ẹ̀rọ tó fi ń jó irin. Lọ́dún kan, ẹnìkan gé e láàárín, ó so tirẹ̀ mọ́ ọn, ó ń jí iná. Nígbà tí wọ́n fa ti olè yọ, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì so ojú ibi tí olè gé padà.

"Ó ti darí gbogbo nǹkan gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kọjá," ó sọ jẹ́jẹ́. "Mo lé e lọ, kọ̀ǹpútà ṣì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wá bá mi ka ibi tí wọ́n ti ń to íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀."

Ìyàwó fa àga onírin, ó jókòó. Ó ń ka ìlà kan tẹ̀lé èkejì, ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lójijì ó dúró.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kó máa gba àdírẹ́sì kan lọ. Wọ́n fàmì sí i."

"Yọ àmì náà."

Ó yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dé. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí àwòrán náà lọ, tòun ti òdòdó gèlè láàárín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Jórinjórin ti ń tọ́jú láti ọdún méjì: ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì.

"Tó bá dé nírọ̀lẹ́," ìyàwó sọ, kò wo ojú rẹ̀, "èmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bá lẹ́nu ọ̀nà." Ó sún ìdí díẹ̀. "Àga yìí mà le o."

Jórinjórin gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ó dìde, ó lọ wá tìmùtìmù fún un.