Faransé Tí Ìyá Mi Ní Kí N Kà

Ọjọ́ kẹta rèé tí lẹ́tà náà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, n kò sì tíì sọ fún ìyá mi. Mo gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn. Mo pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó, títí Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, fi bi mí pé ṣé ìjàlọ ló wọ inú aṣọ mi ni. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Àwọn aṣọ́bodè ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa, tí yóò wà ní ẹnubodè tiwa níbí ní apá Ṣakí, láàárín àwa àti Dàhòmì tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n wá bọwọ́ lùwé. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkèhò náà fẹ́ kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà kò wù mí rárá. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa a máa sọ pé ẹni tó bá gbọ́ Faransé lè di ògbufọ̀, ó lè ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì, ó lè máa wọ ọkọ̀ òfuurufú káàkiri Áfíríkà. Mo gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn àfi àwọn méjì yìí. Aṣọ́bodè ni mo fẹ́. Ó kéré tán, màá máa fi èdè tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ bá àwọn tó gbọ́ ọ sọ̀rọ̀.

Ibi tó ti le ni pé fàyàwọ́ ni ìyá mi ń ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, wọn kàn kì í sọ ọ́ síta ni. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ló ti ń lọ sí Pàràkú ní ilẹ̀ Dàhòmì lọ kó àǹkárá, tó ń gba inú igbó wọlé. Òun ló fi rán èmi àti Jímọ̀ níléèwé. Lọ́dún yìí tí ìjọba sójà ti ẹnubodè pa, kò dáwọ́ dúró, ọ̀nà tó jìnnà sí i ló ń gbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dójú kọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé aṣọ́bodè ni mo fẹ́ ṣe? Inú sì ń bí mi, pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wù mí ló tún fẹ́ sọ mí di ọ̀tá ìyá mi.

Lọ́sàn-án, bó ṣe ń ká àǹkárá sínú àpò, ara mi ò gbà á mọ́. Mo mú lẹ́tà náà jáde, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un, mo wá ń retí ariwo.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi! Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi!"

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi yé? Aṣọ́bodè ni mo wí o."

"Mo gbọ́. Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ ní kóo ka Faransé? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní àwọn tó ń ti Dàhòmì wá kọ ebè fún wa gbọ́ Faransé, wọn ò sì dé yunifásítì rí, ṣé mo dá a lóhùn? Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé ẹni tèmi máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojú títì la ó máa gbà báyìí, lọ́sàn-án gangan!"

Gbogbo ọdún tí mo lò ní yunifásítì ni mo fi ń yangàn pé ìyá mi fẹ́ kí n rí ayé ló ṣe yan Faransé fún mi. Ó dùn mí dé egungun.

"Bí mo bá dá ọkọ̀ yín dúró ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà tó wo ojú mi ló dákẹ́.

"Wàá dá mi dúró, Àwáwù?"

N kò rò ó tẹ́lẹ̀. "Bí mo bá bọwọ́ lùwé yẹn, màá dá yín dúró, Ìyá."

Ó padà sídìí àǹkárá rẹ̀. Ó ká ọ̀kan, ó ká èkejì.

"Èmi ò ní dúró o," ó ní, kò sì pariwo. "Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Orúnkún mi ò dáa mọ́, ṣùgbọ́n bóo bá lé mi, màá sá."

Mo wo orúnkún náà. Mo rí i bó ṣe ń gbé ẹrù sáré nínú igbó, tí èmi ọmọ rẹ̀ ń lé e bọ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ Òkèhò ni mo wọ̀. Inú ń bí mi láti Ṣakí títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìyá mi ò sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé mo ti fi Faransé òun ṣòfò, pé agídí ló gbé mi lọ di tíṣà. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un pé torí kó má baà ní láti sá fún mi ni mo ṣe lọ.