Fáàfù Idẹ

Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní oṣù mẹ́rin ló kù fún ojú bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Bàbá ń fi àtàǹpàkò tọ etí tábìlì dókítà bí ẹni ń wá ibi tí omi ti ń jò. Ìgbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló tó la ẹnu.

"Mo fẹ́ tún òdòdó òkun yẹn rí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ ìtàn òdòdó òkun yẹn bí ẹni mowó. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ṣe iṣẹ́ páìpù nínú ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wọn dúró síbi tí omi ti mọ́ gaara, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí ohun kan nísàlẹ̀ tó ń ṣí bí òdòdó, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lọ súà, àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ ọsàn ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń jáde. Kì í ṣe ewéko o, ẹran abẹ̀mí ni. Wọ́n pe bàbá pé kó wá dí páìpù tó ń jò. Kó tó padà dé, ọkọ̀ ti ṣí. Ó ti ń sọ ìtàn náà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ò tíì lè so okùn bàtà.

Ọmọ náà wá di plọ́ḿbà bíi bàbá rẹ̀. Ìyá Páìpù ni àwọn oníbàárà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ rí. Páìpù ló bí. Ta ni ìbá tún ṣe é fún bàbá bí kò ṣe òun? Ó ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, òun á gbé òkun wá sí pálọ̀.

Gbígbé òkun wá sí pálọ̀, ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́. Ó ra àpótí gíláàsì tó gùn tó ẹni tó nà gbalaja, ó kan àga igi alágbára tí yóò gbé e, nítorí omi wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ó lu ihò sẹ́yìn àpótí náà, ó ki páìpù ike bọ̀ ọ́. Inú páìpù yìí ni omi ń gbà ṣàn wá sí àpótí kejì tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ti ń sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀, kí pọ́ǹpù tó tì í padà sókè. Ó po iyọ̀ òkun, ó da yanrìn, ó to òkúta. Ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló ń tọ́ ọ sọ́nà, ó sì kìlọ̀ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni omi náà gbọ́dọ̀ fi máa yí kó tó gbó, kí ohun ẹlẹ́mìí tó wọ̀ ọ́.

"Ẹ má kánjú o, Ìyá Páìpù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó rọrùn fún un láti sọ. Kì í ṣe ojú bàbá tiẹ̀ ló ń lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, tó ku fáàfù tí wọn yóò fi máa ṣí omi tó ń gòkè, tí wọn yóò sì fi máa tì í, bàbá fọwọ́ tọ ara ògiri wá, ó gbá àkísà kan mọ́ àyà. Ó fi ìka kan fáàfù tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lẹ̀ mọ́ páìpù, ó sì yínmú.

"Ike? Ìwọ ọmọ yìí, ike lo fẹ́ fi ti omi òkun?"

"Ike ni wọ́n ń lò, Bàámi."

"Àwọn wo?" Bàbá tú àkísà náà. Fáàfù idẹ kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ara ọkọ̀ tí wọ́n tú ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. "Ogún ọdún ni eléyìí fi wà nínú omi iyọ̀. Fọwọ́ pa á. Ìṣáwùrú kan ò lẹ̀ mọ́ ọn rí. Kò sí ohun tó ń hù lára ẹ̀!"

Ó yẹ kí ara fu Ìyá Páìpù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti tó oṣù kan tó ti rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Ó ju fáàfù ike sínú àpò iṣẹ́, ó so ti idẹ mọ́ páìpù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló yí i ṣí. Omi gòkè, àwọn méjèèjì sì pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì yè. Òdòdó òkun tẹ̀ lé wọn, ó lẹ̀ mọ́ òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà, bí ẹni ń yọjú wo inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni bàbá ń ríran. Ó gbé imú lé gíláàsì.

"Ó fẹ́ ṣí," ló ń wí. "Ó kù díẹ̀."

Kò ṣí. Lọ́jọ́ kejì ó sún kì. Lọ́jọ́ kẹta ó rí bí àkísà tí wọ́n fún. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti jẹrà. Ìyá Páìpù yọ ọ́ nígbà tí bàbá ń sùn lọ́sàn-án.

"Ó sá sẹ́yìn òkúta, Bàámi. Ó ń sinmi ni."

"Jẹ́ kó sinmi," ni bàbá wí, ó sì gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ gíláàsì.

Ìyá Páìpù bu omi náà lọ bá ẹlẹ́ja. Ẹlẹ́ja kán oògùn sí i nínú ìgò kékeré kan, ó mì ín, omi náà yí àwọ̀.

"Kọ́pà ló wà nínú omi yín. Oró ni fún irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹja lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Òdòdó òkun, edé, ìṣáwùrú, ìkankan nínú wọn ò lè yè é. Ṣé ẹ fi idẹ sí i ni? Kọ́pà ni wọ́n fi ń ṣe idẹ."

Ọ̀rọ̀ bàbá padà sọ́kàn Ìyá Páìpù. Kò sí ohun tó ń hù lára ẹ̀, àṣé nítorí pé ó ń pa ohun tó bá fẹ́ hù ni. Òun tó ti so páìpù kò lóǹkà, kò rò ó débẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ kíkankíkan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni.

"Ẹ gba kámú," ni ẹlẹ́ja wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Irọ́ ni, agbè gan-an ló fọ́. Yanrìn àti òkúta ti mu oró náà, gbogbo wọn ni yóò dànù, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyókù oṣù mẹ́rin tí dókítà dá kò tó o. Síbẹ̀ ó ṣe é. Ó yọ fáàfù idẹ, ó fi ti ike rọ́pò rẹ̀, ó fi àwọn ẹja pamọ́ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, ó sì sọ fún bàbá pé òun ń fọ àpótí ni.

Bí omi ti ń gbó ni ojú bàbá ń kú. Lọ́sẹ̀ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, bàbá béèrè ìdí tí kò fi tíì ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti ṣí láti àárọ̀. Ìyá Páìpù wọ ilé ìdáná, ó ṣí ẹ̀rọ omi kí ìró rẹ̀ lè bo ẹkún, ó sì sunkún níbẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú.

Òdòdó òkun kejì ṣí ní ọjọ́ kejì tó dé. Ó fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń fì nínú omi, àwọn ẹja méjèèjì kó wọ inú rẹ̀. Ìyá Páìpù kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kórìíra rẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá mú wá síwájú gíláàsì.

"Ó ti ṣí, Bàámi. Ó ṣí gbayawu."

"Àwọn ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ẹ̀."

Bàbá mi orí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí, ó ń tọ ara páìpù bọ̀ bó ti máa ń ṣe láyé ìgbà tó wà nínú ọkọ̀. Ìka rẹ̀ dé orí fáàfù, ó dúró. Ó fọwọ́ pa á lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀.

"Fáàfù mi dà?"

Ìyá Páìpù fi ọwọ́ bàbá sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo yọ ọ́?"

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ètè bàbá ń mì, ó ń ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Àgbà oníṣẹ́ ọkọ̀ ni, kò sí ẹni tó ní láti là á yé e.

"Àkọ́kọ́ yẹn kú, àbí?"

"Bàámi, èmi ni mo so ó mọ́ ọn. Ó yẹ kí n mọ̀."

"Èmi ni mo gbé e wá." Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. "Kò sí ohun tó ń hù lára ẹ̀. Ẹnu èmi náà ni mo fi sọ ọ́."

Ó yọ ọwọ́ kúrò lára páìpù, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ náà lé orúnkún.

"Pa iná orí àpótí yẹn. Ta lò ń tàn án fún?"

Ìyá Páìpù tẹ bọ́tìnnì. Pálọ̀ ṣú, òdòdó náà kò hàn mọ́. Ojú bàbá kò yí padà, ó ṣì kọjú sí gíláàsì, ó ń dúró.

"Ṣé o ti pa iná náà?" ló béèrè.