Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì Tí Màmá Yín Fi Kọ́ Mi

Ṣadé, jọ̀ọ́ gbọ́ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìpẹja kan lójú ọ̀sà, irú èyí tó dà bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nídìí. Màmá yín ni ọ̀gá mi. Bàbá yín ti bọ́ sómi níbi tí wọ́n ti ń ju àwọ̀n, omi dé àyà wọn, wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn. Àwa la fẹ́ lọ gbé wọn.

Màmá ní, “Ti ọ̀pá ẹ́ńjìnnì òsì síwájú, fa tọ̀tún sẹ́yìn.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń pòyì lójú kan.

“Òsì ni mo ní! Ṣé o ò mọ ọwọ́ tí o kì í fi jẹun ni?”

“Màmá, òsì náà ni mo tì!”

Omi ti dé àgbọ̀n Bàbá. Wọ́n ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n ní, “Mo ṣì ń dúró o.”

Inú bí mi, mo ti méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ bá là sí méjì, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí ọ̀kan, ìkejì wà lórí èkejì, wọ́n sì ń jìnnà síra wọn.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “O ti ń mọ̀ ọ́n báyìí.”

Mo la ẹnu pé kí n fèsì, ni mo bá jí.