Ibi tí Wọ́n Sin Àmọ̀pé Sí

"Níbo gan-an ni wọ́n sin ìyá mi sí?"

Màmá Mùjíbátù ló bi gbogbo ilé léèrè lẹ́yìn ìrun Alásárì, ní Ṣáṣá. Àwọn ọmọ wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni màmá nígbà tí Àmọ̀pé, ìyá rẹ̀, kú. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu báyìí, ó sì fẹ́ dúró níbi sàréè ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàdúà.

Roheem, ọmọ ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò palẹ̀ kó lè mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Yunifásítì kò wo àìsàn ọ̀hún sàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí Ìrókò, sí agbo ilé bàbá màmá. Ó ka gbogbo sàréè ibẹ̀ tán, kò rí Àmọ̀pé.

Bàbá Lìádì, àgbà agbo ilé náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Alákọ̀wé! Ta ló ní kó o máa wá a nílé ọkọ?"

"Ṣebí ibí ló kú sí, bàbá?"

"Ó kú síbí. Àmọ́ àwọn tó bí i ló ni òkú ọmọ wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí abúlé bàbá rẹ̀, lódìkejì odò yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ fún mi?"

"O bi mí ni? Sàréè lò ń kà!"

Roheem kò lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ó dá a lójú. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé màmá sínú ọkọ̀, ó di abúlé náà.

"Sàréè Àmọ̀pé kẹ̀?" Fàdìlàt, ìyàwó kan nílé bàbá Àmọ̀pé, mirí. "Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí."

Roheem yí ẹ̀yìnkùlé po, ó fẹsẹ̀ wọ́ koríko kiri, kò rí nǹkan kan. Màmá fọwọ́ di orúnkún mú.

"Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí," ni Fàdìlàt wí. Ó kó láfún tí wọ́n sá sórí pèpéle sìmẹ́ńtì iwájú ilé kúrò, ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀. "Ẹ jókòó, màmá. Ibí la ti ń sá láfún látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ."

Ìyẹ̀fun funfun kò tán lórí pèpéle náà. Ó kù sínú àwọn lẹ́tà kan tí ẹnì kan ti fi ìka kọ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù.

Roheem ka orúkọ náà, ó sáré di màmá lápá mú.

"Màmá, ẹ má jókòó."