Ẹni Tó Ń Pe Ẹ̀jẹ̀

"Ta ló wá ń pe ẹ̀jẹ̀ náà?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló béèrè látinú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Aránṣọ ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ rí ohun tí kò lójú rírán. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá wa, ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí wọn. Bọ̀dá Ẹ̀rọ, tó ń darí ẹ̀rọ náà, ń wo aago. Èmi ọlọ́gbọ́n, tí mo ti fi ọdún méjì wá ìdáhùn, mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, àwòrán á bàjẹ́.

Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò le. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ á tú kẹ́míkà jáde bí ońṣẹ́. Àwọn ońṣẹ́ á lọ kanlẹ̀kùn iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé. Èèyàn mọ́kànlá ti dùbúlẹ̀ fún wa, wọ́n ń fi ìka kan àtàǹpàkò kí ọpọlọ wọn lè ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń wọ́ bọ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba láàárọ̀ Mọ́ńdè.

"Bí ti ẹnì kejìlá bá tún rí báyìí," Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ fún mi, "a ó da iṣẹ́ rẹ nù, wàá bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Àwòrán jáde, a sì fa Màmá jáde. Ẹ̀jẹ̀ Màmá, ẹnì kejìlá, náà ò kánjú.

"Ẹ̀rọ yìí ti gbó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Orí tí ẹ ń kó wá ni kí ẹ wò," Bọ̀dá Ẹ̀rọ fèsì.

"Orí ta?" Màmá ti dìde jókòó. "Orí yìí ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀rọ yín!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ò jẹ nǹkan kan láàárọ̀, bí mo ṣe kọ ọ́?"

"Kí ni mo jẹ? Ebi fẹ́ pa mí! Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá yín tó mọ èèyàn ṣaájò."

"Aájò wo?"

"Kọfí. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá wá làwọn ń fún, kí ara wọn lè balẹ̀. Ife méjì ni mo mu. Ìwọ ò ṣáà ní ká má mu."

Kọfí! Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ẹ̀ka wa mọ̀ pé ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ náà ò ní ráyè kanlẹ̀kùn.

Mo gbójú sókè. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ wà lára ògiri, lókè ìkòkò kọfí gan-an, gàdàgbà gàdàgbà: Ẹ MÁ JẸ OHUNKÓHUN.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra gbé ife wọn sílẹ̀.