Ẹ̀rín Tó Ń Paná Gbọ̀ngàn

Kò sí gbọ̀ngàn tí kò ní ìwà tirẹ̀. Obìnrin tí gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ń pè ní Díjéè mọ èyí dáadáa, nítorí pé kò sí wáyà kan nínú àpò rẹ̀ tí kì í ṣe ìtìjú ló mú kó rà á. Èyí tó lẹ́nu tín-ín-rín yẹn, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni, níbi tí sípíkà ti hó títí tí ìyàwó ọjọ́ náà fi ti ìka bọ etí. Èyí tó gùn bí ejò, ilé ìtura kan ni, tí wọ́n lu ihò tí wọ́n ń ti wáyà sípíkà bọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, tó fi jẹ́ pé àárín àwọn tó ń fọ abọ́ ló jókòó sí tó ń forin sí i fún àwọn tó ń jó ní pálọ̀. Kò gbàgbé ọ̀kankan.

Ṣùgbọ́n tòní le jù wọ́n lọ. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, bàbá náà kò sì gbà rí pé iṣẹ́ ni kí èèyàn máa yí bọ́tìnnì kiri. Ọkọ Díjéè ló bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà kí ìyàwó òun wá forin sí i.

"Ó dáa," ni bàbá wí lójú gbogbo ẹbí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yẹn bá dójú tì wá, ìyàwó, wàá tà á, wàá sì lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù táìlì ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Táìlì kì í pariwo."

"Mo gbọ́, sà," ni Díjéè wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, eruku ibẹ̀ kò sì tíì tán nímú rẹ̀.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn, ihò wáyà sípíkà méjì ló bá lára ògiri. Ó ti wáyà bọ̀ wọ́n, orin sì jáde láti inú àwọn sípíkà tó wà ní àjà, ó mọ́ kedere. Gbọ̀ngàn kankan kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó báyìí rí, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù. Kò pẹ́ tí olùtọ́jú gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn, nawọ́ sí àpótí kékeré kan lókè ògiri.

"Ẹ rí iyẹn? Etí ni. Àwọn aládùúgbò ló fẹjọ́ wa sùn. Tí ariwo bá mọ níwọ̀n, iná ara rẹ̀ á dúró ní àwọ̀ ewé. Tó bá pọ̀ jù tí kò tètè rọlẹ̀, iná yẹn á pọ́n, gbogbo ẹ̀rọ yín á sì kú."

"Ṣé kò ṣeé yọ ni?"

"Tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á yọ èmi náà."

Díjéè bá ń wọn orin náà díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fi ìka wo omi ìwẹ̀ ọmọ. Àwọn èèyàn jó, àpótí dúró ní àwọ̀ ewé. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni bàbá gba máìkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí."

Abẹ́ àpótí náà gan-an ni ẹ̀rín ti bẹ́. Màmá Àgbà ló jókòó síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá, ẹni tó máa ń da omi sí i lójú láràárọ̀ kó tó lè jí. Ẹ̀rín màmá yìí kì í tètè tán. Á gun òkè, á sinmi, á tún gbéra bí ọkọ̀ tó ti gbó. Iná pọ́n. Máìkì kú mọ́ bàbá lẹ́nu.

"Ìyàwó," ni bàbá pè.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù táìlì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó wa, ṣé ọjọ́ Ajé ni ká máa retí ẹ?"

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn tan iná padà, ó sì sọ ọ́ sí Díjéè létí. "Ẹ̀bi yín kọ́. Màmá yẹn ni. Ẹ ní kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín."

"Èmi ìyàwó ilé? Kí n ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi panu dé?"

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sọ ọ́ nígbà náà."

Díjéè wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo àjà.

Ó rò ó pé kí òun dín sípíkà tó wà lórí màmá náà kù, kó má baà gbọ́ ìfọ́nnu àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n so gbogbo sípíkà àjà pọ̀, bí ọ̀kan bá rọlẹ̀, gbogbo wọn ni. Ó gbé àga lọ bá a. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá àyè fún yín níbi tí atẹ́gùn wà."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ibí ni mo ti ń rí ojú àbúrò mi dáadáa."

Bàbá tún gbé máìkì. "Bí mo ṣe ń wí, èmi tí ẹ rí yìí, kò sí nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù láyé."

"Adìẹ ńkọ́," ni Màmá Àgbà rí sọ kí ẹ̀rín tó gbé e lọ. Iná pọ́n. Gbogbo ẹ̀rọ kú.

Bàbá gbé máìkì sílẹ̀. "Ó tó. Ìyàwó, ká àwọn wáyà rẹ."

Gbólóhùn kan péré ì bá gba Díjéè sílẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà.

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti gbójú sókè, ó sì ti rí iná tó pọ́n lára àpótí. "Ẹ dúró ná. Ẹ tan nǹkan yẹn padà." Wọ́n tàn án. Màmá kọjú sí àpótí, ó mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì rín in títí tí iná fi pọ́n tí ẹ̀rọ fi kú. Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

"Àṣé èmi ni. Mo dàgbà tó báyìí, mi ò mọ̀ pé agbára mi ju ti mànàmáná lọ." Ó yíjú sí Díjéè. "O mọ̀ pé èmi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Etí àpótí yẹn ló mú jù."

"Ó mọ̀," ni Màmá Àgbà wí fún gbogbo ilé. "Ó mọ̀, ó sì fẹ́ lọ máa ta táìlì nítorí ẹ̀rín mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra rẹ́rìn-ín," ni bàbá bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ rọra máa parọ́, èmi náà á rọra máa rẹ́rìn-ín."

Bàbá rìn lọ bá Díjéè nídìí ẹ̀rọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Báwo la ṣe máa ṣe é?"

"Orin kò lè mú iná yẹn pọ́n, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yín ló kù tí ẹ máa wọ̀n."

Nígbà tí iná dé, bàbá gba máìkì. "Mo máa ń pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń jí mi. Mo bẹ̀rù adìẹ. Ẹ ṣeun, ẹ máa jó."

Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń nu ojú. Díjéè forin sí i, gbogbo ilé sì dìde.

Oní-táìlì tọ bàbá lọ láàárín ijó. "Ọjọ́ Ajé ńkọ́, bàbá?"

Bàbá ya ẹnu láti pariwo mọ́ ọn. Ó gbójú wo àpótí, ó sì rọra sọ ọ́ sí i létí pé kó lọ wá ẹlòmíì tó máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.